Odò Tí Ẹnìkan Ò Wọ̀n

Nínú fìrísà tó ga ju èèyàn lọ, ní Fínísì,
ẹ̀jẹ̀ ìyá ìyá mi wà nínú ìgò tíńtín,
ó dì gbagidi.
Nọ́ḿbà ló wà lára ìgò, kò sí orúkọ.
Èmi ni mò ń to àwọn ìgò náà, iṣẹ́ mi nìyẹn,
ẹgbàáta ìgò, mi ò sì gbọdọ̀ mọ ẹni tó ni wọ́n.
Ṣùgbọ́n obìnrin mélòó ni wọ́n bí lábúlé wa lọ́dún yẹn,
ní ìbejì, tí èkejì rẹ̀ kú?
Mo mọ̀ ọ́n.

Verna Enos, ọmọ àwọn tó ń gbin ẹ̀wà sétí odò Gila.
Àwọn ará òkè ya odò náà sí oko tiwọn
kó tó kọjá ní tiwa.
Odò tó bá gbàgbé orísun, gbígbẹ ní í gbẹ;
tiwa ò gbàgbé nǹkan kan.
Wọ́n jí i gbé lójú ọ̀nà ni.

Nígbà tí oko gbẹ, ìjọba gbé oúnjẹ dé:
ìyẹ̀fun funfun nínú àpò, ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ nínú agolo,
ṣúgà, wàràkàṣì tó le bíi ọṣẹ.
Verna po ìyẹ̀fun, ó tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ,
ó jù ú sínú ọ̀rá gbígbóná.
Àwọn ọmọ jẹ, wọ́n lá ọwọ́.
Ta ni ebi ń pa tí yóò máa bi agolo léèrè
ibi tí odò wọlé sí?

Lẹ́yìn náà ni àwọn dókítà gbé ìwọ̀n dé.
Ìwé wọn kọ́kọ́ béèrè ẹ̀yà, àpótí kékeré kan: ẹ fàlà sí i.
Wọ́n wọ̀n ún kó tó jẹun, wọ́n wọ̀n ún nígbà tó jẹun tán,
wọ́n fi okùn yí i nídìí,
wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n fún un ní bísíkítì kan, wọ́n dúpẹ́.
Dókítà Whitcomb, èèyàn jẹ́jẹ́,
tó máa ń ṣí fìlà kó tó wọlé, ló ṣàlàyé:
"Màmá, inú ẹ̀jẹ̀ yín ló wà.
Ìyàn ló kọ́ ara àwọn baba ńlá yín
láti máa fi ọ̀rá pamọ́ de ọjọ́ burúkú."
Verna ní, "Ìyàn wo?
Baba baba mi ta àlìkámà fún àwọn sójà yín.
Ọdún tí ẹ gbé odò lọ la mọ ìyàn."
Dókítà kọ nǹkan sínú ìwé. Mi ò rí ibi tó kọ ìyẹn sí.

Ìbátan wa kan, Eulalio, ń gbé lórí òkè Sonora,
ní ìkọjá ààlà. Ẹ̀jẹ̀ kan náà, imú kan náà.
Ó ń fi màlúù túlẹ̀, ó ń gun òkè lọ pọnmi,
ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́ bí ọ̀pá.
Wọ́n lọ wọn òun náà. Nígbà tí wọ́n dé,
wọ́n ní àyíká náà lọ́wọ́ sí i.
Verna rẹ́rìn-ín títí ó fi ń húkọ́.

Mi ò ní torí ìbínú purọ́.
Èmi àti Loretta, ìyá kan ló bí wa,
abọ́ kan la jọ ń jẹ, òun sanra, èmi ò sanra.
Irúgbìn ń bẹ, lóòótọ́.
Ṣùgbọ́n irúgbìn kì í bomi rin ara rẹ̀.

Ní oṣù kejì, wọ́n gé ẹsẹ̀ ọ̀tún Verna.
Nọ́ọ̀sì tún wọ̀n ún.
Ó wo nọ́ḿbà náà, ó wò mí, ó ní,
"Ṣé o rí i? Mo ti rù."

Lẹ́yìn ibi ìgbọ́kọ̀sí wa, nínú kòtò oníkọnkéré,
omi ń ṣàn lọ sí pápá gọ́ọ̀fù.
Mo ti fìrísà pa nírọ̀lẹ́ àná, mo lọ síbẹ̀,
mo bẹ̀rẹ̀, mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́.
Ó tutù.
Mi ò mú ìgò lọ́wọ́.