Ojú-Ìwé Kẹtàdínlógún

Ìwé àjákọ kan ni olùkọ́ Mathapelo fún àwa mẹ́rin,
pẹ́ńsù méjì, ọ̀kan gùn, èkejì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.
Ó ní ká lọ kọ Ha Ramokoatsi sílẹ̀,
gbogbo òkè, gbogbo orísun omi,
torí àwọn àlejò ń bọ̀ ní Lèsótò bí òjò dídì bá ti yọ́,
wọ́n á fẹ́ mọ ibi tí wọ́n ń tẹ̀.
"Ẹ má kọ ohun tí ẹ rò. Ẹ kọ ohun tí wọ́n sọ fún yín,
kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tó sọ ọ́."

A rò pé iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ni.
Ntsoaki ka ẹṣin tí wọ́n ń fi háyà: mọ́kànlá.
Ọ̀kan yarọ, a kò kọ ti yíyarọ.
Seabata ń ka ìṣísẹ̀ láti ilé ìwé dé odò,
ajá gbó o, ó gbàgbé iye, ó tún padà.
Bàbá àgbà Lekhotla sọ ti ihò góòlù Johannesburg
títí oorun fi gbé e lọ.
Ikọ́ rẹ̀ pàápàá, a kọ ọ́.

Ṣùgbọ́n orúkọ àwọn òkè, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n tán.
Àwọn àgbà ní, "Ẹ bi Tankiso."
Tankiso! Ọmọ darandaran tí kì í wá sílé ìwé,
tó ń fi kúbùsù kan ṣoṣo ko òtútù lójú,
tí a máa ń fi àìmọ̀wé rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́.
Ó na ọ̀pá: èyí ni Èjìká Ìyàwó,
tọ̀hún ni Ibi-Tí-Àgùntàn-Ti-Ń-Sunkún,
ihò tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò lórúkọ,
ẹ kàn súfèé, á dá yín lóhùn.
Orúkọ mẹ́tàlélógójì.
Ọwọ́ wa ro kí ẹnu rẹ̀ tó rẹ̀.
Ó ní ká fi bí wọ́n ṣe ń kọ Tankiso han òun.
Ó wò ó, ó wò ó. "Ṣé kò ju báyìí lọ?"

Òun ló mú wa dé abẹ́ àpáta
níbi tí àwọn ẹran pupa ti ń sáré lára òkúta,
ẹsẹ̀ wọn tín-ín-rín, ọ̀kan bojú wẹ̀yìn.
Mo bi ìyá àgbà mi: ta ló yà wọ́n?
Ó ki ìgbẹ́ màlúù gbígbẹ bọná, ó dákẹ́.
"Kì í ṣe àwa. Àwọn Baroa ni, àwọn ló ni òkè kó tó di tiwa."
Níbo ni wọ́n lọ?
"A lé wọn. A sì fẹ́ nínú àwọn ọmọbìnrin wọn.
Lọ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ nínú omi.
Kí o sì kọ orúkọ mi sí i, kó hàn ketekete."

Ojú-ìwé kẹtàdínlógún ni pẹ́ńsù mi ti dúró.
Ẹran kan wà níbẹ̀ tó ku orí nìkan.
Tankiso ní, omi ni. Àwọn tó ń mú àlejò wá
a máa da omi sí i kí àwọ̀ rẹ̀ lè yọ nínú fọ́tò.
Nígbà mìíràn, kóòkì.
Ta ni? Kò dáhùn. Ó wo ẹsẹ̀ mi.
Bàtà tí mo wọ̀, Mohlalefi ẹ̀gbọ́n mi ló rà á,
owó àlejò ni.

Wọ́n ní a kì í fọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni.
Ọwọ́ òsì ni mo fi ń kọ̀wé.
Mo kọ ọ́: omi, kóòkì, orúkọ ẹ̀gbọ́n mi.
Mo gbé e lọ bá a níbi tó ti ń di ẹṣin ní gàárì.
Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Kò nà mí.
Ó ní ṣé mo ní pákó kankan.

Nígbà tí òjò dídì yọ́, pákó kan dúró lẹ́nu àpáta:
Ẹ MÁ DA OMI.
Lábẹ́ rẹ̀, ẹnìkan fi èédú kọ orúkọ,
Tankiso, lẹ́tà ń tẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún,
S rẹ̀ kọjú sẹ́yìn
bí ẹran pupa yẹn.