Òróró Nínú Àpò Aṣọ Oyè

Hermelinda Ccori, ìwọ tí a jọ jókòó lórí bẹ́ńṣì kan
ní ọdún tí fèrèsé yàrá ìṣirò fọ́,
tí afẹ́fẹ́ adágún Titikáka ń wọlé bí ẹni tó sanwó ilé-ìwé,
tí a ń wọ ìbọ̀wọ́ kọ̀wé,
ṣé o rántí?
Èmi ni mo wò ọ́ kọ nínú ìdánwò owó orí.
Mo jẹ́wọ́ lónìí. Ó ti pẹ́ jù kí wọ́n tó gba ìwé ẹ̀rí mi padà.

Lálẹ́ Sátidé wọ́n pè wá jọ sí gbọ̀ngàn ńlá nílùú Puno,
àwa akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, orí ti pá, ikùn ti yọ,
pé ká wá bu ọlá fún ẹni tó ṣe ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ.
Gíwá gbé gíláàsì wọjú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka oyè:
oyè àkọ́kọ́, oyè kejì, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ní báńkì,
ọ̀gá ẹ̀ka, ọ̀gá àgbà, ọ̀gá àwọn ọ̀gá.
Oyè ló ń kà.
Òye rẹ kò sí nínú ìwé náà.

Kò kà á pé lálẹ́ Ọjọ́rú, bí báńkì bá ti tì,
ìwọ a bọ́ bàtà gogoro,
a wọ ẹ̀wù tí gíríìsì ti sọ di awọ,
a wọ gáréèjì ẹ̀gbọ́n rẹ tó ti kú,
a tú kẹ̀kẹ́ ológeere tí àwọn ọmọ ti gùn bàjẹ́,
a so táyà rẹ̀ mọ́ àga ilé ìdáná,
kí ẹni tí ẹsẹ̀ kọ̀ fún lè dé ẹnu ọ̀nà
wo ojúmọ́.
Kò kà á pé ọwọ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lo ti kọ́ bí a ti ń jó irin,
o sì ń pè é ní Ọ̀jọ̀gbọ́n.
Kò ka àpá iná tó wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ.
Ta ni í kọ àpá sínú ìwé ẹ̀rí?

Ìgbà náà la gbọ́ ọ. Kíín-ùn. Kíín-ùn.
Nazario Layme ni, apẹja tí òtútù gba ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì.
Ó wọ bọ́ọ̀sì láti Ilave wá wo ọjọ́ ẹ̀yẹ rẹ,
àga tí o ṣe fún un sì ń sunkún lórí pákó dídán.
Àwọn kan bojú wẹ̀yìn. Aṣọ́gbọ̀ngàn fi ìka lé ètè,
bí ẹni pé irin ń gbọ́ "ẹ dákẹ́".
Baba náà dúró gbári láàárín wa,
kò lè lọ síwájú, kò lè padà.

Gíwá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi àmì-ẹ̀yẹ kọ́ ọ lọ́rùn.
O ò dúró gbàwé.
O sọ̀kalẹ̀ tìwọ ti aṣọ oyè gbàgẹ̀rẹ̀,
o kúnlẹ̀.
Mo rò pé o fẹ́ kí i ni,
àfi bí o ṣe fa ìgò òróró kékeré yọ nínú àpò,
irú èyí tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹ̀rọ ìránṣọ.
Ẹ̀kán kan. Ẹ̀kán kejì.
O yí táyà, o tẹ́tí, o tún un yí.
Àmì-ẹ̀yẹ ń lu irin àga, kó, kó, kó,
bí àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ilé tí wọ́n rán an sí.
Gbogbo gbọ̀ngàn dákẹ́. Àga náà dákẹ́.

Wọ́n ní ẹni tó da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.
Lórí òkè yìí tí omi ń dì lóru, ta ló ń wá ilẹ̀ tútù?
Òróró lo dà síwájú,
ẹlòmíràn ló ń gba ibẹ̀ kọjá.

Mo délé, mo gbé ìwé ẹ̀rí mi kúrò lára ògiri.
Aláǹtakùn ti kọ́lé sẹ́yìn rẹ̀, ó ti bímọ.
Kẹ̀kẹ́ ọmọ mi tó lọ sí Lima ṣì wà lẹ́yìnkùlé.
Mo ti tú táyà iwájú. Tẹ̀yìn ló ń bá mi jà.
Hermelinda, Ọjọ́rú kò jìnnà mọ́.
Sún díẹ̀ fún mi lórí bẹ́ńṣì.
Láyé ọjọ́un, mo wò ọ́ kọ.
Jẹ́ kí n wò ọ́ kọ́.