Alẹ́ Tí Batìrì Ku Ìṣẹ́jú Mẹ́wàá

Òjò ti bo àwọn òkè Sábẹ̀ẹ́,
a kò rí orí àpáta mọ́.
Iná lọ ní ilé ìwòsàn. Ọ̀gá Bíyáù pè mí láti ilé rẹ̀:
"Batìrì ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kí lo fẹ́ tẹ̀?"

Mo ní, "Halt."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìwọ ọmọ òṣìṣẹ́ rélùwéè!
Bí bàbá rẹ bá na àsíá pupa,
ṣé iná inú ọkọ̀ ojú irin máa ń kú?
Ó kàn ń dúró ni. Ó ń mí. Ó ń jẹ epo."
Bẹ́ẹ̀ ni halt lára ògbólógbòó ẹ̀rọ yìí:
ọkàn á dákẹ́,
abẹ̀bẹ̀ á ṣì máa fẹ́ atẹ́gùn sí òkú.

Poweroff ló ń pa iná.
Reboot ńkọ́? Ó ń gba ẹ̀yìnkùlé jáde
kó lè gba iwájú ilé padà wọlé,
kó máa ka ẹrù rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ti ìrìn àjò dé.
Lórí àwọn Unix àtijọ́ kan, kì í kí ẹnikẹ́ni;
ṣe ló ń gbọn àwo bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń jẹun.

"Ta ló ń lò ó báyìí?"
Mo wò ó. Fẹ̀hìntọlá, agbẹ̀bí,
ń kọ ìwọ̀n ọmọ tí kò tíì pé wákàtí kan láyé:
kílò méjì àti...
kò tíì tẹ ìyókù.

"Shutdown, nígbà náà. Fún un ní ìṣẹ́jú márùn-ún.
Àgbà kì í dìde nílé àna láì dágbére.
Fi h àti P sí i o! Shutdown lásán
àlejò nìkan ló ń lé;
ẹnì kan á ṣẹ́ kù nínú ilé, òun àti àtùpà rẹ̀,
batìrì á sì máa jò lọ."

Mo tẹ̀ ẹ́. Mo kọ ọ́ sí i: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi iṣẹ́ yín pamọ́.
Kílò méjì àti ẹgbẹ̀rin gíráàmù.
Ó wọlé. Lẹ́yìn náà, òkùnkùn, àti òjò lórí páànù.

Bàbá mi ṣì ń jókòó nírọ̀lẹ́, ó kọjú sí ojú irin
tí koríko ti bò,
àsíá pupa ń bẹ lábẹ́ àga rẹ̀.
Halt ni wọ́n sọ fún un.
Kò sẹ́ni tó padà wá pa iná.