Ìfaṣọkọ́ Aláwọ̀ Ewé

Wọ́n ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ ẹ́ fò láì fara kanra.
Ẹni tó pa òwe yẹn kò gbé Kawaguchi rí,
níbi tí wáyà iná ti há mọ́ wáyà iná,
tí bákónì mi ń fi èjìká gbún bákónì Morio,
tí kannakánná méjì, dúdú láti ẹnu dé ìrù,
gbà pé àwọn ni onílé,
àwa ni ayálégbé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì la ń kó ìdọ̀tí síta.
Aago mẹ́jọ ni ọkọ̀ akódọ̀tí ń dé.
Aago méje ààbọ̀ ni tiwọn.
A fi àwọ̀n bo ọ̀rá ìdọ̀tí, a fi bíríkì tẹ etí rẹ̀;
akọ á fẹnu fa àwọ̀n sókè,
abo á wọlé bí ẹni ń wọ ilé àna.
Ike máyónéèsì ni wọ́n fẹ́ràn jù.
Ọ̀sẹ̀ tí gbígbálẹ̀ bá kàn mí,
àṣírí àdúgbò ni mò ń gbá:
agolo ọtí tí Ìyáàfin Nagira ní òun ò mu mọ́,
lẹ́tà báǹkì tí Morio ya sí mẹ́rin.
N kì í kà á.
Mo kà á díẹ̀.

Oṣù kẹta, ìfaṣọkọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dàwátì.
Mo fẹ̀sùn kan atẹ́gùn. Mo fẹ̀sùn kan ọjọ́ orí mi.
Àfi ìgbà tí mo rí abo lórí irin bákónì,
tó ń yọ búláòsì mi lára wáyà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́,
bí ìyá tó ń bọ́ aṣọ lọ́rùn ọmọ tó ti sùn.
Ó jẹ́ kí búláòsì já bọ́ sínú ẹrẹ̀.
Ó gbé wáyà lọ.

Nígbà tí wọ́n pamọ tán, ọ̀rọ̀ di ti orí.
Morio ti sọ wọ́n lókùúta lẹ́ẹ̀kan;
ẹni da eérú leérú ń tọ̀.
Ó dé fìlà, wọ́n mọ̀ ọ́n.
Ó bọ́ fìlà, wọ́n tún mọ pápá orí rẹ̀ dáadáa.
Oòrùn ń ràn ganrínganrín, agboorùn òjò ló ń ṣí lọ sọ́jà.
Mo rẹ́rìn-ín títí ọjọ́ tí ìyẹ́ apá gbá èmi náà létí.
Nípàdé àdúgbò wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ kí ìjọba wá nawọ́.
Mo nawọ́.

Ọkùnrin méjì wá pẹ̀lú akoto àti ọ̀pá gígùn.
Ìtẹ́ wálẹ̀: ìfaṣọkọ́ mẹ́tàdínlógójì.
Ọmọ mẹ́ta, ẹnu wọn pupa bí ẹ̀fọn ilé tuntun tí a kò tíì kùn,
wọ́n kó wọn sínú páálí.
Ibi tí wọ́n ń kó wọn lọ, wọn ò sọ, a ò béèrè.
Wọ́n tẹ́ àwọn wáyà sílẹ̀, wọ́n ní kí kálukú wá mú tirẹ̀.

Mo rí ọ̀kan, aláwọ̀ ewé, òwú dúdú ní ọrùn rẹ̀.
Kanjirō ọkọ mi ló so ó,
kí kóòtù rẹ̀ má baà pàdánù lọ́dọ̀ alágbàfọ̀.
Ọdún mẹ́fà ló ti lọ. Mo rò pé mo ti dà á nù.
Mo wo àárín ìtẹ́, níbi rírọ̀ tí àwọn ọmọ sùn sí:
irun funfun.
Èyí tí mo máa ń yọ lára kóòmù
tí mo ń fẹ́ dànù lójú fèrèsé láràárọ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ké.
Morio ní òun sùn dáadáa. Ojú rẹ̀ kò jọ bẹ́ẹ̀.

Lánàá, mo rí akọ lórí òpó iná, ẹ̀ka igi kan lẹ́nu rẹ̀.
Mo kó aṣọ wọlé nírọ̀lẹ́,
mo gbàgbé ìfaṣọkọ́ márùn-ún síta.
Bí wọ́n bá bi mí nípàdé,
mo gbàgbé ni; ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni mí.
Èyí aláwọ̀ ewé wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù.
N kò lawọ́ tó bẹ́ẹ̀.