Aṣọ Ẹ̀yìn

Kùrukùru ti gba Louisbourg kí n tó dé.
Bọ́ọ̀sì já wa sílẹ̀ lẹ́nubodè,
èmi àti tọkọtaya arúgbó kan láti Halifax
tí wọ́n jọ ń jẹ ápù kan ṣoṣo.
Mo yọ Yáṣíkà bàbá mi. Mo nu ojú rẹ̀. Ó tún sunkún.
Iyọ̀ lójú dígí, iyọ̀ létè mi,
òkun ń ké níbi tí n kò ti rí i.

"Ta ní ń bọ̀?"
Sójà kan dá mi dúró, ẹ̀wù funfun, bọ́tìnnì idẹ,
ìbọn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga jù ú lọ.
Faransé ló fi bi mí. Ló bá bú sẹ́rìn-ín,
wáyà wà léyín rẹ̀ bíi ti ọmọ iléèwé.
Lachlan lorúkọ rẹ̀.
Ogun tó ń ṣọ́ ti parí kí baba ńlá rẹ̀ tó dáyé.

"Ya odi," ó ní, "odi ni gbogbo ènìyàn ń yà."
Mo gbé kámẹ́rà sójú.
Òkúta lórí òkúta, ojú ihò àgbá,
ilé ìṣọ́ tí kùrukùru bẹ́ lórí.
Ó wá sọ ọ́ bí ẹni ń júwe ọ̀nà:
"Bàbá bàbá mi wà lára àwọn tó mọ ọ́n.
Iléeṣẹ́ èédú ti kógbá sílé,
ìjọba ní kí àwọn awakùsà wá kọ́ bí a ti ń gbẹ́ òkúta.
Koríko ni gbogbo ibí. Àgùntàn ló ń jẹ̀ níbẹ̀."

Mo sọ kámẹ́rà kalẹ̀.

Ní Ìjẹ̀bú-Òde, bàbá mi ní yàrá kan
tí a kì í ṣí fèrèsé rẹ̀.
Aṣọ ńlá kan ló ta mọ́ ògiri níbẹ̀:
ìlú olódi létí òkun, ilé ìṣọ́ mẹ́ta,
àsíá tí kì í ṣe ti orílẹ̀-èdè kankan,
ọkọ̀ ojú omi tó tẹ̀ sápá òsì
nítorí Múdá ti mu ẹmu kó tó kùn ún.
Múdá ò rí òkun rí. Bàbá mi ò rí òkun rí.
Ìyàwó tuntun jókòó gbọin síwájú rẹ̀,
aago àyálò lọ́rùn ọwọ́.
"Gbé àgbọ̀n sókè. Má ṣẹ́jú."
Ìdajì àdúgbò wa ló ti dé ìlú yẹn,
ẹnìkan ò sì wọkọ̀.

Bẹ́ẹ̀ odi gidi wà lẹ́yìn oko wa:
Erédò, yàrà tó jìn bí ìtàn,
iyẹ̀pẹ̀ pupa tí gbòǹgbò dì mú.
Ìgbín la máa ń sọ̀kalẹ̀ lọ ṣà níbẹ̀.
Bàbá mi ò yà á rí.
"Kí ni n ó yà níbẹ̀?" ni yóò wí. "Ilẹ̀?"

Mo ra búrẹ́dì sójà, ó le bí ìlérí olówó.
Mo ń jẹ ẹ́ lọ sápá ibi tí wọn ò tíì tún kọ́,
nítorí díẹ̀ nínú ìlú náà ló jí;
èyí tó pọ̀ jù ṣì ń sùn.
Pátákó kan wà lọ́nà, lẹ́tà wẹ́wẹ́:
àwọn ẹrú náà gbé níbí.
Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí àwòrán.

Lẹ́yìn rẹ̀, koríko.
Ilẹ̀ wú níhìn-ín, ó rì lọ́hùn-ún,
ibi ààrò ẹnìkan, ibi ìloro ẹnìkan.
Mo kúnlẹ̀ nínú omi.
Mo ya ilẹ̀. Mo ya ilẹ̀.
Arúgbó Halifax náà dúró, ó wo ibi tí mò ń wò,
kò rí nǹkan kan, ó gbé fìlà rẹ̀ fún mi, ó kọjá.

Nígbà tí mo padà délẹ̀kùn odi,
fíìmù ku ẹyọ kan.
Lachlan gbé ìbọn ti ògiri, ó gba kámẹ́rà.
"Jẹ́ kí n yà ọ́. Gbé àgbọ̀n sókè."
Ta ló kọ́ ọ?
Kùrukùru là díẹ̀ lẹ́yìn mi,
mo gbọ́ tí ó sọ pé ọkọ̀ kan ń bọ̀, ó tẹ̀ díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́.
Mo fẹ́ bojú wẹ̀yìn.
Mo ṣẹ́jú.