Ẹ̀rọ Tí Kò Lẹ́sẹ̀

Nígbà tí mo ra ẹ̀rọ amúnáwá ní Kútọnu,
àlòkù tí iyọ̀ òkun ti jẹ létí,
wọ́n ká ìwé kékeré kan mọ́ ọn lábẹ́.
Gẹ̀ẹ́sì ni látòkè délẹ̀,
kò sí Faransé kankan níbẹ̀
tí mo lè fi ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́fà mi bá wọ̀yá ìjà.

Mo gbé e dé ṣọ́ọ̀bù mi ní Wàǹdó,
níbi tí mo ti ń fi iná sínú fóònù oní-fóònù.
Mo pe Bàsíràtù ọmọ mi, akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì,
ó na ìka sí ọ̀rọ̀ kan: rọ́ọ̀nù.
Ó ní, "Sáré ni, Baba."
Ó wá kà á: Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rọ yìí sáré nínú ilé.
Mo wo ẹ̀rọ. Irin mẹ́rin ló fi jókòó, kò ní orúnkún.
Ta ló gbọ́ pé ó fẹ́ sáré?
Ẹ má jẹ́ kó sáré nínú òjò.
Ìyẹn yé mi díẹ̀. Ta ni kì í sáré nínú òjò?
Ó lè sáré fún wákàtí mẹ́jọ.
Mo ní, háà, kí ilẹ̀ tó mọ́ yóò ti sún mọ́ Sábẹ̀.

Bí mo ṣe di ọmọ ilé ìwé alẹ́ nìyẹn,
emi tí irùngbọ̀n ti ń funfun.
Músíò Raìmí fi ẹfun kọ rọ́ọ̀nù sójú pátákó,
ó ní imú ọmọdé a máa sáré,
omi ẹ̀rọ a máa sáré bí a bá gbàgbé láti tì í,
ẹni tó ń sáré ilé ìtajà, orí àga ló wà látàárọ̀,
ẹni tó sì ń sáré du ipò, ikùn rẹ̀ ń tóbi sí i ni.
Léǹtínì aránṣọ nawọ́ sókè:
"Aṣọ tí àwọ̀ rẹ̀ ṣí mọ́ òmíràn lára ńkọ́?"
Ó ní àwọ̀ náà sáré.
"Ẹ ò rí i! Ọjọ́ tó ti pẹ́ tí mo ti ń lé e kiri inú agbada."

Mo bínú délé. Irú ọ̀rọ̀ wo ni kò lè fìdí mọ́lẹ̀?
Bàsíràtù ò gbé ojú kúrò nínú kàyé rẹ̀.
Ó ní okùn já,
ó ní a já ewé,
a já ọmọ lẹ́nu ọmú,
ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé wa já sí etí ọ̀sà,
irọ́ Ìbùráímù já lánàá.
"Òyìnbó tó bá fẹ́ kọ́ ìyẹn náà á làágùn, Baba."
Mo dákẹ́.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Obiọra
tó ń ta irin ẹ̀rọ fún mi ní Àgbádárìgì
fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù, kò gbọ́ èdè wa.
Mo fúnra mi kà á, mo rí rọ́ọ̀nù níbẹ̀, inú mi dùn;
àfi bí mo ṣe rí i pé ó sáré wọ inú Múkáílà.

Àyà mi já.
Ọdún kọkànlá nìyí tí ẹ̀gbọ́n mi ti gba Ìgólò jáde,
nítorí yàrá kan
tí òrùlé rẹ̀ ti wó báyìí, tí ewúrẹ́ ń sùn níbẹ̀.
Mo rí ọkọ̀ Obiọra, funfun, tí iwájú rẹ̀ ti rún.
Mo ń wá bàtà, ẹsẹ̀ kan ni mo rí.
Bàsíràtù gba fóònù lọ́wọ́ mi.
"Ẹ jókòó. Kò kọlù ú.
Ó ṣàdédé pàdé rẹ̀ ni. Ó kàn rí i lọ́nà, wọ́n kí ara wọn."

Mo jókòó.
Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀rọ ń sáré, kò kúrò lójú kan.
Mo tẹ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sí Obiọra,
mo béèrè ibi tó wà, mo béèrè bóyá ó rù.
Imú mi ń sáré.
Mo ní ọyẹ́ ni.
Oṣù kẹfà la wà, ṣùgbọ́n ọmọ náà kò bá mi jiyàn.