Ó Ń Fì Sọ́tùn-ún

Ọdún méjìlá ni Bíáù fi tapólì bò ó
lẹ́yìnkùlé, níbi tí àpáta Ṣábẹ̀ẹ́ ti ń na òjìji rẹ̀ láti aago mẹ́rin.
Ọdún tí ọkọ̀ ojú irin kò fọn fèrè mọ́ ni.
Ó ní òun ò fẹ́ gbọ́ ìró irin kankan mọ́.

Ọmọ rẹ̀ ló pè mí, Rómúáàdì,
tó ń fi alùpùpù Ṣáínà kérò lójú títì Pàrákú.
“Ẹ bá mi wò ó, Ìyá Mẹkáníkì. Bó bá jí, màá tà á.
Bí kò bá jí, màá tà á ní kílò kílò.”

Mo ṣí tapólì. Alángbá méjì sáré jáde.
Mo yí agolo òróró dé, mo jókòó lé e, mo ń wò.
Ará Ítálì ni, oníhòòhò ni:
kò sí ike dídán tó bo ìhà rẹ̀,
kò sí gíláàsì tí yóò gba atẹ́gùn sílẹ̀ fún ọ,
ìfun ń bẹ níta, egungun ń bẹ níta,
sìlíńdà méjì yọ sọ́tùn-ún, yọ sósì
bí ìgbọ̀nwọ́ obìnrin tó fọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí
tó ní, “Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

Bí ìhòòhò bá ní òun ó fún ni láṣọ, ọrùn rẹ̀ là á wò.
Èyí ò ṣèlérí aṣọ fẹ́nì kan.
Irin ló ní, irin ló fi hàn.
Àwọn tuntun wọ̀nyí, ìbòjú ni wọ́n fi ń rìn;
o ó tú ike mẹ́fà kí o tó débi tí àìsàn wà,
ẹnu ike mẹ́ta á sì ti kán.
Èyí, mo nawọ́, mo kan ọkàn rẹ̀.

Ta ló rọ ọ́? N ò mọ̀ ọ́n.
Ẹnìkan létí adágún tí n kò ní dé láé,
tó mọ̀ pé ooru a máa pa irin,
tó ní kí orí sìlíńdà méjèèjì máa gba atẹ́gùn níta.
Ó kọ ṣéènì sílẹ̀. Ọ̀pá irin kan ṣoṣo
ló ti inú ẹ́ńjìnì lọ bá táyà ẹ̀yìn,
ó ń yí nínú òkùnkùn, nínú ọ́ìlì, kò bá ẹnikẹ́ni jà.

Láléyè ọ̀gá mi, ọdún kan gbáko ni kò jẹ́ kí n di sípánà mú.
Ọwọ́ mi kéré, ó ní.
Ọwọ́ kékeré yìí ló wọ ibi tí tirẹ̀ kì bá wọ̀:
mo fa ìtẹ́ agbọ́n jáde lẹ́nu páìpù èéfín,
mo fi bẹntiróòlù inú ìgò fọ kábúrétọ̀,
bẹntiróòlù tó gba ọ̀nà ìgbẹ́ wọlé láti Nàìjíríà.
Mo ránṣẹ́ rìǹgì písítìn sí Kútọnu. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún.
Mo yá bátìrì ọkọ̀ Àlùfáà Ṣúáíbù.

Bíáù jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kò sún mọ́ wa,
bí ẹni tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ abẹ fún ìyàwó rẹ̀.
Mo tẹ̀ ẹ́. Kò dáhùn.
Mo tẹ̀ ẹ́. Ó húkọ́.
Mo tún un tẹ̀,
gbùdùgbù, gbùdùgbù,
àpáta gbà á, àpáta dá a padà,
ewúrẹ́ já okùn.
Bí mo ṣe fún un níná, gbogbo ara rẹ̀ fì sọ́tùn-ún.
Rómúáàdì kígbe: “Ó ti bàjẹ́!”

Ìgbà náà ni Bíáù dìde.
“Kò bàjẹ́. Bó ṣe ń kí èèyàn nìyẹn.
Ìyá rẹ mọ̀ ọ́n. Bó bá jókòó lẹ́yìn mi,
á ti fara tì sósì kí n tó fún un níná.”

Ọmọ ò sọ̀rọ̀ títà mọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ti ọ̀la, n ò mọ̀.
Èmi ń palẹ̀ irinṣẹ́ mi mọ́,
mo rí nọ́ọ̀tì kan tó ṣẹ́kù lórí àkísà.
Mo wo ẹ̀rọ. Ó ń mí bó ṣe yẹ.
Mo fi nọ́ọ̀tì sápò.